Ọjọ́ Tí Mo Po Ọ́ìlì Mọ́tò fún Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo ṣì lè fò wọ bọ́ọ̀sì kó tó dúró… ẹ má rẹ́rìn-ín o, èmi tí ẹ ń wò yìí fò rí! Nígbà yẹn ni agolo yẹn wọ ilé mi. Tèmítọ́pẹ́, gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi dáadáa. Ṣé ó ti ń gbọ́? Ó dáa.

Ìwọ lo bi mí pé kí ló dé tí mo fi agolo mílíìkì tó ti dípẹtà kọ́ sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. O ní ẹni tó bá wọlé á rò pé a ò rówó ra àwòrán mìíràn. Mo gbọ́ ẹ. Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Agolo yẹn ló bá mi fẹ́ màmá yín àgbà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ní kíṣìnnì. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Tíṣà kékeré, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, fóònù alágbèéká ò tíì dé. Ẹ ò lè dá Ìkòtún yẹn mọ̀. Bí mo bá rí ọ̀rẹ́ mi ní òdìkejì títì, màá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́, á dúró. Lónìí ńkọ́? Ẹ pe ènìyàn ní Ìkòtún, ogún ènìyàn ló máa dáhùn, ẹni tẹ́ ẹ pè gan-an ò ní gbọ́. Bárúwà nígbà yẹn, igbó ni. Láti ibùdókọ̀ Command lọ síbẹ̀, ohùn ẹyẹ lẹ máa gbọ́ jàre, kì í ṣe fèrè kẹ̀kẹ́.

Èkìtì ni mo ti wá. Òkè la ní, a ò lómi. Omi tí èmi mọ̀, omi inú ìkòkò ni, àti odò kan lẹ́yìn oko bàbá mi tí kò ju orúnkún lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Títí di òní mi ò mọ̀ ọ́n! Àbí ẹ rò pé mò ń purọ́? Ẹ bi màmá yín.

Àbúrò Mọ́rẹ́nikẹ́, màmá yín yìí, wà ní kíláàsì mi. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá béèrè báwo lọmọ náà ṣe ń ṣe sí. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà.” Ó tán fún mi. Mo ní ìṣirò ọmọ náà ò dáa rárá. Mo ní kó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó padà wá. Mo ní ìṣirò ò tíì dáa… Ọmọ yẹn mọ ìṣirò jù mí lọ! Olúwa dárí jì mí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń bá ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ jà, kí n ṣáà lè rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ará Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Oǹdó. Ìjẹ̀gún ló ń gbé, létí omi, ó ń fi ọkọ̀ gbé èrò lọ sódìkejì. Àyà ọkùnrin náà fẹ̀, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá wò yín, ẹ máa rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ́ńjìnì tuntun nígbà náà, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, tí wọ́n ń fokùn fà kó tó dún. Aṣọ ló fi ń bò ó bí ọmọ jòjòló. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń du ẹ́ńjìnì yẹn, torí ògbólógbòó tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ ti dàgbà jù mí lọ.

Mo lọ bá a. Mo ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo bá wá.” Ó fi aṣọ bo ẹ́ńjìnì rẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, “Tíṣà, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ò sí lọ́wọ́ mi nìkan. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan lódìkejì omi. Sátidé tó ń bọ̀, màá gbé ọ lọ síwájú rẹ̀. Bó bá ní kí n fún ọ, màá fún ọ. Bó bá ní rárá, rárá náà nìyẹn.”

Ìyá Òdìkejì là ń pè é. Gbogbo ẹbí ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo sì ti gbọ́ pé ọmọ ọlọ́kọ̀ kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ méjì, tí òun náà ń wá Mọ́rẹ́nikẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí sínú omi! Èmi wá ńkọ́? Ará òkè, tíṣà, bàtà kan ṣoṣo.

Mo ti yí padà kí n máa lọ, bàbá tún pè mí. Ó ní, “Bó o bá ń bọ̀ ní Sátidé, bá mi ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bọ̀ láti Ìkòtún.”

Ẹ gbọ́ o. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ló yẹ kí n sọ? Ó yẹ kí n ní, “Bàbá, irú ọ́ìlì wo?” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ojú tì mí! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí n wá béèrè ọ́ìlì? Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n.” Mo mọ kí ni? Mi ò mọ nǹkan kan.

Mẹkáníìkì kan ń gbé yàrá kejì sí mi, Múfú lorúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló ń tún ṣe. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Múfú ò mọ̀. Ẹ bi í nípa òṣùpá, á ní òun ti tún un ṣe rí. Mo bi í. Ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní, “Tíṣà, ẹ́ńjìnì kẹ́ńjìnì tó bá wà láyé, ọ́ìlì tó ki ló fẹ́. Bó bá ṣe ki tó, bẹ́ẹ̀ ló máa pẹ́ tó. Ẹ ra ti ọkọ̀ akẹ́rù fún wọn. Bàbá ìyàwó lẹ fẹ́ ra nǹkan fún, àbí awakọ̀ takisí?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo lọ ra èyí tó wọ́n jù, agolo ńlá, pupa fòò. Mo gbé e dání láti Ìkòtún dé Ìjẹ̀gún bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ. Gbogbo ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ni mo ń jẹ́ kó rí i.

Sátidé yẹn, oòrùn mú dáadáa. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ rántí ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn o. Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó lórí àpótí, ó ń họ ẹja. Bàbá ti fẹ́ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù, ó ní, “Po ọ́ìlì sí i, kí n tó jáde.” Ó wọlé.

Mo ṣí agolo. Mo dà á. Ó ń ṣàn wọ̀ọ́rọ̀wọ́, bí oyin. Mo ní, ọ́ìlì rèé! Mo mi kẹ́ẹ̀gì náà bí ẹni ń mi ògì. Mọ́rẹ́nikẹ́ gbójú sókè, ó wo agolo pupa yẹn, ó wò mí. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti pò ó tán?” Mo ní, “Mo ti pò ó tán pátápátá.” Ó gbé ẹja kalẹ̀, ó fọwọ́, ó wọnú ilé. Nígbà tó máa jáde, ó ti ró ìró mìíràn, ó sì so nǹkan mọ́ etí ìró náà. Mo rò pé owó ni.

Bàbá jáde. Ó ní, “Ó yá, Tíṣà, wá jókòó síbí.” Ìdí ọkọ̀ ló nawọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì gan-an. Mo ní ṣé kí n má jókòó sáàárín ni? Ó ní rárá. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyí: ẹni tó bá po ọ́ìlì, òun ló máa gun ọkọ̀ ní ìrìn àkọ́kọ́, nídìí ẹ́ńjìnì. “Kó má baà di pé ẹnì kan á po ìpòkupò, á wá dúró sórí ilẹ̀ máa juwọ́ sí wa.” Òfin kejì tún wà, ó ní bí ẹ́ńjìnì bá kú ní ìrìn àkọ́kọ́ ọjọ́, ọkọ̀ kì í lọ síwájú mọ́. Ilé ló ń padà sí.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà nínú ẹ̀? Ẹ mú òfin yẹn lọ sí ìlú yìí lónìí. Ẹni tó kọ́ ilé, kó gbé inú ẹ̀ fọ́dún kan. Ẹni tó ṣe afárá, kó sùn lábẹ́ ẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ilé á máa wó?

Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀: Bàbá, Mọ́rẹ́nikẹ́, èmi. Mo di etí ọkọ̀ mú bí ẹni dìmọ́ igi ọ̀pẹ. Bàbá fa okùn. Ó tún fà á. Ẹ́ńjìnì húkọ́, ó dún… èéfín dé!

Èéfín wo? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì rí èéfín. Ó funfun, ó tún dà bí búlúù, ó bo gbogbo wa. Mi ò rí Mọ́rẹ́nikẹ́ mọ́. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń húkọ́ ni. Ọkọ̀ kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹni tó ń wà á pariwo, “Bàbá, ẹja lẹ ń yan nínú ọkọ̀ ni?” Àwọn èrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ń wo ẹ́ńjìnì, ó ń wò mí.

A dé àárín omi. Ẹ́ńjìnì ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín. Kò sín. Ó kú.

Omi ń gbé wa lọ jẹ́jẹ́. Mò ń ka Sáàmù nínú mi, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mò ń kà mọ́. Bàbá ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó gbé e sí imú. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ìka kan ra èkejì. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “Tíṣà, ta ló po ọ́ìlì yìí?”

Ta tún ni? Ó mọ̀, mo mọ̀, ẹja inú omi mọ̀. Ọkàn mi ní kí n sọ pé Múfú ló tàn mí, pé ọlọ́jà ló tà á fún mi bẹ́ẹ̀. Mo wo Mọ́rẹ́nikẹ́. Mo ní, “Èmi ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tijú láti béèrè.”

Ó ní, “Ọ́ìlì mọ́tò! Tíṣà, ṣé orí títì la wà ni?”

Mo ní ó parí. Ìyàwó ti lọ, ẹ̀mí náà sì lè bá a lọ. Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́! Ìgbà yẹn ni Mọ́rẹ́nikẹ́ dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó yọ? Púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì méjì, tuntun, nínú bébà. Ó fa sípánà yọ láti abẹ́ pákó ìjókòó, ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó fi tuntun sí i. Ó tún gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan jáde níbẹ̀, tí wọ́n ti po epo rẹ̀ dáadáa láti àná, ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ fà á wò.” Bàbá fà á. Ó dún! Èéfín ṣì wà, ṣùgbọ́n ó dún. Èmi ò ronú nǹkan kan o. Mo kàn ń dúpẹ́ pé mo máa tún tẹ ilẹ̀.

Òfin ni òfin: a yí padà sílé. Ìyá Òdìkejì ò rí wa lọ́jọ́ yẹn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi ti di ti mẹkáníìkì. Bí a ṣe gúnlẹ̀, Bàbá ní, “Tíṣà, má dárúkọ ìyàwó fún mi mọ́, títí wàá fi mọ ọ́ìlì. Sátidé Sátidé ni kó o máa wá. Mọ́rẹ́nikẹ́ á kọ́ ọ.”

Ìjìyà nìyẹn? Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ìjìyà nìyẹn?

Mo lọ. Sátidé kan ò yẹ̀. Màmá yín kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó tiẹ̀ le jù mí lọ. Ó ní ẹ́ńjìnì mọ́tò ní ikùn tó ń tọ́jú ọ́ìlì sí, ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnì tiwọn yẹn ò ní. Inú epo ló ti ń mu ọ́ìlì rẹ̀, wọ́n jọ ń jó ni. Nítorí náà ọ́ìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kó lè jó tán láì fi èérí sílẹ̀. Tú-sítíróòkì là ń pè é, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi gan-an. Ti mọ́tò ki, kì í jó tán. Ara púlọ́ọ̀gì ló ń lẹ̀ mọ́.

Agolo mílíìkì ara ògiri yẹn ni ìwọ̀n wa. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà mẹ́wàá, agolo kan tó kún, ká fi díẹ̀ lé e. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì jẹ́ tuntun, ìlọ́po méjì ìyẹn, títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Bó bá kéré, irin á máa jẹ irin. Bó bá pọ̀ jù, èéfín. Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń dá ayédèrú mọ̀, torí àwọn kan ń da ọ́ìlì ìdọ̀tí sínú agolo tuntun. Ó ní kí n bu díẹ̀ sínú ìgò funfun pẹ̀lú bẹntiróòlù, kí n mì í, kí n gbé e kalẹ̀, kí n ka Sáàmù kan parí. Bí ọ́ìlì bá ti lọ jókòó sísàlẹ̀ ìgò kí n tó ṣe Àmín, kí n dá a padà fún ẹni tó tà á. Mo ka Sáàmù létí omi yẹn ju bí mo ṣe kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Bàbá ń wò wá látòkèèrè. Nígbà tó yá, ó ń bá mi jẹun. Nígbà tó tún yá, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èrò: “Ẹ wo tíṣà mi, ẹni tó fẹ́ yan wá bí ẹja!” Ṣé ẹ gbọ́? Ó ní tíṣà *mi*. Nígbà tó fi máa gbé mi dé iwájú Ìyá Òdìkejì, ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, èmi ni mo po ọ́ìlì, èmi ni mo jókòó nídìí ẹ́ńjìnì, èéfín kankan ò sí. Ìyá yẹn wò mí tòkè tilẹ̀, ó fẹ́ lanu. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀wọ̀ yín lórí mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi lèyí náà.” Ó tán síbẹ̀, ìyá náà gbà.

Lónìí, ẹ́ńjìnì ńlá wà tó ń po ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ̀ bá béèrè lọ́wọ́ fóònù. Ó dáa, mi ò bú fóònù. Ó kéré tán, ojú kì í tì yín láti bi í. Èmi ńkọ́? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo mọ òwe yẹn lórí, mo fi kọ́ ọmọ, mi ò lò ó.

Ẹ dúró, mi ò tíì parí. Ní ọdún tó kọjá, èmi àti màmá yín jókòó sí fàráńdà, à ń jẹ àgbàdo sísè. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kàn sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, “Mọ́rẹ́nikẹ́, obìnrin tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, kí ló ń fi púlọ́ọ̀gì ṣe nínú ìró?” Láti ọjọ́ yìí wá, mi ò béèrè rí! Èmi kan náà tí mò ń pariwo ẹ béèrè, ẹ béèrè.

Ó jẹ àgbàdo rẹ̀ dé ìdí. Ó ní, “Bàbá wọn, mo ti rí agolo yín látòkèèrè. Mo mọ̀ pé ọ́ìlì mọ́tò ni.”

Mo ní, “O mọ̀? O ò sì sọ?”

Ó ní, “Kí n sọ kẹ̀? Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹnì kan ti wá jíṣẹ́ Ìyá Òdìkejì fún bàbá mi, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ará òkè, wọ́n ti mú ọmọ ọlọ́kọ̀. Ẹ kàn ń lọ gbọ́ rárá lójúkojú ni. Mo ti sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wá gbójú sókè, mo rí agolo pupa lọ́wọ́ yín… mo ní, Olúwa, o ṣeun. Mo mọ̀ pé á kú, mo mọ̀ pé a máa padà sílé. Mo kàn lọ mú púlọ́ọ̀gì, ká má baà sùn sórí omi.”

Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ rántí òfin wọn, pé ẹni tó bá pò ó ló máa gùn ún? Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rò pé èmi ni mo po ọ́ìlì ọjọ́ yẹn. Màmá yín ló pò ó. Ó sì ti ń gùn ún pẹ̀lú mi láti ìgbà náà, kò sọ̀ kalẹ̀ rí.

Ẹ gbé agolo yẹn padà sórí ìṣó rẹ̀. Rọra, Tèmítọ́pẹ́, má jẹ́ kó bọ́. Kẹ́ ẹ sì lọ bá màmá yín ní kíṣìnnì, ẹ bi wọ́n pé ṣé oúnjẹ ti jinná. Ẹ ṣáà béèrè. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín.